Mẹ́mọ́rì káàdì ìtàn Wàsírì Köprülü: ẹ rà á, àmọ́ ọlọ̀tẹ̀ inú rẹ̀ kò sọ tẹnu rẹ̀

Níbi tí wọ́n ti ń kó orin sínú fóònù lẹ́bàá Ọjà Ọba níbí ní Ìlọrin ni mo ti ra káàdì yìí, ₦1,500. Ìtàn àwọn ìjòyè ńláńlá ayé àtijọ́ ni wọ́n kà sínú rẹ̀ ní Yorùbá. Àwọn yòókù kò burú, ṣùgbọ́n ti Köprülü Mehmed Pasha, Wàsírì Àgbà (olórí àwọn ìjòyè Sultan, ọba wọn) ní ilẹ̀ Ottoman, ìjọba ńlá àwọn ará Turkey àtijọ́, ni mo fẹ́ sọ.

Òfì ni mo ń hun. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́, etí nìkan ni kò níṣẹ́, nítorí náà mi ò lè gba ohùn tí kò bá já gaara. Ẹni tó ka èyí kò sáré, kò sì fi ìlù bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ bí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ṣe máa ń ṣe.

Ibi tó dùn jù ni ìgbà tí wọ́n lọ pe bàbá náà sípò. Ní 1656, Sultan Mehmed Kẹrin ò tíì ju ọmọ ọdún 14 lọ. Àwọn ọmọ ogun ti ṣọ̀tẹ̀ ní Istanbul nítorí owó burúkú tí wọ́n fi san owó oṣù wọn, wọ́n pa àwọn ìjòyè, wọ́n sì so òkú wọn rọ̀ sára igi. Nígbà tó di oṣù kẹfà, àwọn ará Venice fọ́ ọkọ̀ ogun Ottoman túútúú lẹ́nu omi Dardanelles, ni ọjà bá gbówó lórí. Wọ́n wá ránṣẹ́ sí arúgbó tó ti lé ní 70 ọdún, ọmọ Albania tó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé ìdáná ààfin. Bàbá kò dìde jó o. Ó ní kí Turhan Sultan, ìyá ọba, kọ́kọ́ gbà fún òun: ohun tí òun bá béèrè, kí ọba fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni má dá sí ẹni tí òun fẹ́ yàn sípò, kí wọ́n má sì gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀yìn lórí òun. Ọmọṣẹ́ mi kan pariwo látìdí òfì tirẹ̀ pé, “Bàbá, irú àdéhùn tó yẹ ká máa bá àwọn oníbàárà ṣe nìyẹn kí wọ́n tó gbówó wá!”

Ọdún kejì ni wọ́n gba erékùṣù Bozcaada àti Limni padà lọ́wọ́ àwọn ará Venice, tí ojú omi ṣí. Ibẹ̀ náà dáa.

Àmọ́ nígbà tó kan Abaza Hasan Pasha, wọ́n ní ọlọ̀tẹ̀ ni, Wàsírì ṣẹ́gun rẹ̀, ó tán. Ará Ìlọrin kẹ̀ ni wọ́n ń kà á fún! Ìlú tí Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ti kẹ̀yìn sí Aláàfin, tó fi Shehu Àlímì ṣe alátìlẹ́yìn, kí ọ̀rọ̀ tó yíwọ́, tí wọ́n pa òun náà, tí Abdulsalam ọmọ Àlímì sì di Ẹ́míà àkọ́kọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Àfọ̀njá nílé òfì wa, iṣẹ́ dúró nìyẹn: àwọn kan á ní wọ́n ṣẹ̀ ẹ́ ni, àwọn kan á ní ìgbéraga ló pa á. Baṣọ̀run Aṣamú tí à bá ní kó mú Ọ̀yọ́ dúró, òun àti Àfọ̀njá ló jọ dìtẹ̀ mọ́ Aláàfin Awólẹ̀. Ta ló kù tí yóò ṣe Köprülü fún Ọ̀yọ́? Nítorí náà, à ń fẹ́ gbọ́ tẹnu ọlọ̀tẹ̀.

Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ló wá ìyókù fún mi. Ní 1658, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ogun Anatolia, apá ilẹ̀ Turkey tó wà ní Asia, wá sógun Transylvania. Wọ́n kóra jọ sẹ́yìn Abaza Hasan ní Konya, wọn ò lọ, wọ́n ní kí Sultan pa Köprülü ná, nítorí ó ti ń pa àwọn ẹlẹ́ṣin ẹgbẹ́ wọn ní Istanbul, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Sultan kọ̀. Ní oṣù kejì 1659, Murtaza Pasha, ọ̀gágun tí wọ́n rán sí wọn, ṣèlérí ìdáríjì fún Abaza Hasan ní Aleppo, ó gbà á lálejò, ó sì ní kí wọ́n pa àlejò náà àtàwọn ènìyàn rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ìyẹn ni káàdì ń pè ní ìṣẹ́gun! Mi ò sọ pé kí wọ́n bú Wàsírì. Ìjọba rẹ̀ dúró, nígbà tó sì kú ní Edirne ní 1661, ọmọ rẹ̀ Fazıl Ahmed ló jókòó síbẹ̀ láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fi mú un dúró.

Àléébù kejì, wọn kò to àwọn ìpín rẹ̀: bàbá kú kó tó joyè. Ọmọkùnrin ìsọ̀ náà ní kí n mú ₦300 wá kí òun tó tò ó.

Mẹ́ta àti ààbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún un. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà sí àwọn ìpín náà lójú yín kí ẹ tó yọwó.