Páálí àyẹ̀wò DNA onítọ́: ṣé ó lè sọ fún ẹni tó ní Graves bóyá myasthenia ń bọ̀?

Àwọn tó ní àìsàn táírọ́ìdì (ẹ̀yà ara kékeré inú ọrùn tó ń ṣe họ́mọ̀nù), pàápàá Graves àti Hashimoto, ti gbọ́ pé àìsàn wọn àti myasthenia gravis (àìsàn tó ń mú kí ẹran ara tètè rẹ̀) jọ ń rìn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń ra páálí DNA tí wọ́n ń tutọ́ sí nílé, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá èkejì wà lọ́nà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá lè rà á, kò burú. Fún ìbéèrè myasthenia yìí, 2 nínú 5 la fún un, bí wọ́n ṣe ń gba itọ́ ló sì gba èyí tó pọ̀ nínú 2 ọ̀hún.

Òótọ́ ni pé àwọn àìsàn méjèèjì bá ara wọn tan. Nínú Graves, áńtíbọ́dì (ohun ìjà ara) ń lẹ̀ mọ́ ibi tí táírọ́ìdì ti ń gba àṣẹ TSH, họ́mọ̀nù tó ń darí rẹ̀, ó ń pàṣẹ fún un láìdákẹ́, họ́mọ̀nù á sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú myasthenia, áńtíbọ́dì mìíràn ló ń dí ibi tí iṣan ti ń fi acetylcholine jíṣẹ́ ọpọlọ fún ẹran ara, tó sì ń ba ibẹ̀ jẹ́. Ìpéǹpéjú á máa já wálẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹnu á máa rẹ ènìyàn nídìí oúnjẹ. Ojú ogun yàtọ̀, ọmọ ogun ara kan náà ló ń jà á.

Nínú 100 ènìyàn tó ní myasthenia, bíi 5 sí 10 ló tún ní àìsàn táírọ́ìdì irú èyí. Nọ́ńbà tí gbogbo ayé ń gbọ́ nìyẹn. Ẹ yí i padà wò: nínú 1,000 tó ní Graves, bíi 2 péré ló ní myasthenia. Nọ́ńbà kejì yìí gan-an ni ẹni tó ní Graves nílò, kì í sì í sábà rí i.

Ní ti jíìnì, HLA (àwọn jíìnì tí ara fi ń dá ara rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí àjèjì) lórí kúrómósómù 6 ló wúwo jù, pàápàá ìdì B8-DR3 tó wọ́pọ̀ lára àwọn tí myasthenia mú kí wọ́n tó pé ẹni 50 ọdún. PTPN22 lórí kúrómósómù 1 àti CTLA4 lórí kúrómósómù 2 tẹ̀lé e. Ìjánu ọmọ ogun ara ni àwọn méjèèjì. TSHR lórí kúrómósómù 14, jíìnì ibi tí táírọ́ìdì ti ń gba àṣẹ TSH, ti Graves ni. Bí ẹ bá rí ìròyìn tó kà á mọ́ ewu myasthenia, ẹ pa á dé.

Páálí náà fúnra rẹ̀ kò nira. Ìgò kékeré, àrọ tó ní ọmọrí, omi tó ń pa DNA mọ́ nínú ọmọrí náà, àpò, àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Fún 30 ìṣẹ́jú ṣáájú, ẹ má jẹun, ẹ má mu omi tàbí sìgá, ẹ má jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ẹ má fọ eyín. Ẹ tutọ́ dé ojú àmì, bíi mílílítà 2. Ìfófòó ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ níbí: ó dé ojú àmì, wọ́n rò pé ó tó, nígbà tó bá máa rọlẹ̀, ìdajì ni itọ́ gidi. Ẹ pa ọmọrí àrọ dé títí yóò fi dún, kí omi inú rẹ̀ ṣàn sínú itọ́, kí ẹ tó yọ àrọ. Ẹni tó bá yọ ọ́ ṣáájú, itọ́ rẹ̀ á bà jẹ́ lójú ọ̀nà. (Ẹni tó ń lo pyridostigmine, oògùn myasthenia, kì í wá itọ́ tì, oògùn náà ń fà á wá.) Ẹni tí wọ́n bá ti fi mùdùnmúdùn eegun ẹlòmíràn sí lára kò gbọ́dọ̀ lò ó rárá, torí DNA olùfúnni á dà pọ̀ mọ́ tirẹ̀.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí èsì bá dé. Ẹ̀rọ wọn kì í ka DNA tán. Nǹkan bí 600,000 ojú ibi ló ń yẹ̀ wò nínú bílíọ̀nù 3 lẹ́tà DNA (A, C, G àti T). HLA tó wúwo jù lọ, kì í kà á ní tààrà: ó ń fi lẹ́tà tó wà nítòsí rẹ̀ méfò. Ìméfò náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìran Yúróòpù tí wọ́n fi ṣètò rẹ̀, ó sì ń ṣìnà fún àwọn ìran mìíràn.

Ẹ wo PTPN22. Nọ́ńbà tí ẹ ó wá nínú fáìlì ni rs2476601. Ìwé ìwádìí máa ń kọ ọ́ ní C àti T, T ni eléwu. Fáìlì yín á sábà fi G àti A hàn, torí okùn DNA kejì ló ń kà. A ni eléwu níbẹ̀. Ẹni tó ń wá T kò ní rí i láéláé, á sì máa yọ̀ pé òun ti bọ́. Bákan náà, A yìí wọ́pọ̀ lára àwọn tí ìran wọn wá láti àríwá Yúróòpù, ó sì ṣọ̀wọ́n gidigidi lára ọmọ Áfíríkà àti ìlà-oòrùn Éṣíà. Bí ọmọ Áfíríkà bá rí GG, kò túmọ̀ sí pé ewu rẹ̀ kéré. Ibi tí wọ́n wò ni kì í ṣe ibi tí ewu tirẹ̀ ń gbé.

Lẹ́tà tó wọ́pọ̀ báyìí, ẹ̀rọ kì í sábà ṣì í kà. Àyípadà tó ṣọ̀wọ́n ni kí ẹ fura sí: ìwádìí kan ní 2018 tún irú wọn láti inú fáìlì báyìí yẹ̀ wò ní láàbù, ìdá 40 nínú 100 ni kò sí níbẹ̀ rárá.

Ká tiẹ̀ ní gbogbo lẹ́tà pé. Ọ̀kan lára irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń sọ ewu di bí ìlọ́po 1.5. Myasthenia ń mú bíi 20 nínú 100,000 ènìyàn, ó wá di 30. Àwọn 99,970 yòókù kò ní in. Ìbejì tí DNA wọn jẹ́ ọ̀kan náà ńkọ́? Bí Graves bá mú ọ̀kan, ó ń mú èkejì ní bí ìgbà 35 nínú 100, ti myasthenia kò sì jìnnà sí i. Bí DNA ìbejì kò bá lè sọ ọ́ tán, kí ni ìgò itọ́ fẹ́ sọ?

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà á, kó yan pé kí wọ́n da itọ́ òun nù lẹ́yìn àyẹ̀wò. Ní 2023, àwọn olè íntánẹ́ẹ̀tì kó dátà bíi mílíọ̀nù 6.9 oníbàárà 23andMe, ilé-iṣẹ́ tó ń ta irú páálí yìí. Ní oṣù kẹta 2025, ilé-iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù nítorí gbèsè.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló tó owó ná lé lórí. Bí ìpéǹpéjú bá ń já, tí ojú ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tàbí tí ohùn ń di onímú lẹ́yìn ọ̀rọ̀ gígùn, àyẹ̀wò áńtíbọ́dì AChR (èyí tó ń dí ibi tí acetylcholine ti ń jíṣẹ́) ni kí dókítà kọ, kí ti MuSK, áńtíbọ́dì myasthenia mìíràn, tẹ̀lé e bí ti àkọ́kọ́ kò bá fi nǹkan kan hàn. Graves nìkan kì í mú ìpéǹpéjú já. Òkè ló sábà ń fà á sí. AChR ń jáde lára bíi 80 sí 85 nínú 100 àwọn tí àìsàn náà ti tàn dé gbogbo ara, ṣùgbọ́n lára bí ìdajì péré tó bá jẹ́ ojú nìkan ló mú, nítorí náà bí èsì kò bá fi nǹkan kan hàn, kò tíì túmọ̀ sí pé myasthenia kò sí lójú. Ẹni tó ti ní myasthenia ní tirẹ̀, TSH ni kó ṣe. Ẹ sì rán dókítà létí nípa myasthenia kó tó kọ propranolol fún àyà tó ń sáré, torí oògùn náà lè mú àárẹ̀ ẹran ara le sí i.

Àyẹ̀wò táírọ́ìdì náà ní pańpẹ́ tirẹ̀. Oògùn irun àti èékánná tó ní biotin (fítámì kan) mílígíráàmù 5 tàbí 10 lè fa TSH wálẹ̀, kó gbé T4 (họ́mọ̀nù táírọ́ìdì) àti áńtíbọ́dì Graves sókè nínú èsì àwọn ẹ̀rọ kan, tí ẹni tí ara rẹ̀ le á fi dà bí ẹni tó ní Graves lórí ìwé. Ẹ dá a dúró fún ọjọ́ 2 ó kéré tán kí ẹ tó lọ fa ẹ̀jẹ̀.