Ìrìnàjò pàṣípààrọ̀ ọ̀dọ́ láti Ọ̀fà sí Cape Coast: ohun tí mo fi ojú ara mi rí

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ìrìnàjò tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wa ń ṣe lọ sí Gánà, mo ní kí ẹ lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí owó yẹn rà, ohun tí kò rà, àti ìdí tí mo fi ń dìde lóru gbàdúrà fún obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí títí di oṣù kẹjọ tó kọjá.

₦280,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa san fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ wà nínú rẹ̀, oúnjẹ ojú ọ̀nà wà níbẹ̀, owó ìwọlé sí àwọn ibi tí a lọ wò náà wà níbẹ̀. Páálí ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, èyí tí gbogbo wa ń pè ní yẹ́lò káàdì, kálukú ló fi owó ara rẹ̀ ṣe é. Físà kò sí, nítorí àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti ṣe láti 1979 fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti wọ Gánà kó sì lo 90 ọjọ́. Òtẹ́ẹ̀lì náà kò sí. Ilé àwọn ọmọ ìjọ níbẹ̀ ni wọ́n pín wa sí ní méjì méjì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, inú mi kò dùn, mo ní ìyà ni. Ibẹ̀ gan-an ni Ọlọ́run ti bá mi sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò dára, mi ò ní fi pamọ́. Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ní ká pé jọ ní ọgbà ìjọ. Aago méje kọjá ni ọkọ̀ tí wọ́n háyà yọ. A ò tíì dé Ìbàdàn tí ẹ̀rọ amútùútù ti dákẹ́, fèrèsé kò sì ṣeé ṣí. Àwọn ìyá méjì tó bá wa lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Ẹnubodè mẹ́ta la máa là kọjá, Sẹ̀mẹ̀, Hillacondji àti Aflao, ní ọ̀kan nínú wọn sì ni wọ́n ti dá wa dúró torí ẹnì kan láàárín wa tí kò ní yẹ́lò káàdì. Wọ́n ní ká mú nǹkan wá. Olórí ẹgbẹ́ wa ní òun kò ní fi owó ìjọ san rìbá, a sì jókòó sábẹ́ igi fún wákàtí mẹ́rin, à ń kọrin, títí ọ̀gá wọn kan fi dé tó ní kí wọ́n gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n sì kọ káàdì fún un. Mo fara mọ́ ohun tó ṣe yẹn. Ṣùgbọ́n Ọ̀fà ló yẹ kí wọ́n ti yẹ káàdì gbogbo wa wò.

Ó ti ń lọ sí aago mọ́kànlá alẹ́ ká tó dé Cape Coast. Màmá tó gba èmi àti ọ̀rẹ́ mi sílé ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ó ní “Akwaaba.” Lẹ́yìn náà, ó wò wá, ó ní, “Ẹ kú ìrìn o.” Yorùbá Agége pọ́nńbélé! A dọ̀bálẹ̀ ká tó mọ̀ pé obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀, a wá tún kúnlẹ̀. Ó rẹ̀ wá dé ibẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá ìyá mi ná, torí ọ̀rọ̀ náà kò lè yé yín láìsí i. Kùmásì ní Gánà ló ti dàgbà. Àwọn òbí rẹ̀ ń ta aṣọ níbẹ̀, òun náà sì ṣí ìsọ̀ tirẹ̀ nígbà tó lọ́kọ. Aláàtá ni wọ́n ń pe Yorùbá lọ́hùn-ún. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, ní kí àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, kò sí èyí tí kò ní irú àwọn tó padà wálé bẹ́ẹ̀. Oyún oṣù méje wà nínú ìyá mi àgbà, ó sì fi ìsọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọjà inú rẹ̀. Títí dòní, bó bá ń ka owó, Twi, èdè àwọn ará Kùmásì, ló fi ń kà á. Nígbà tí mo sọ fún un pé mò ń lọ sí Gánà, ó ní, “Bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé wọ́n jẹ mí ní gbèsè.”

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, a jókòó lẹ́yìnkùlé, Màmá ń tú ewé kúrò lára dokono. Ẹ̀kọ tiwọn ni, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ni àwọn Fante, ẹ̀yà tó ni Cape Coast, fi ń pọ́n ọn, ó kan díẹ̀, ata dúdú tí wọ́n ń pè ní shito ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Mo ní “medaase”, ìyẹn “ẹ ṣé” ní Twi. Ó béèrè ẹni tó kọ́ mi, mo sì sọ ìtàn ìyá mi àgbà fún un, títí kan ọ̀rọ̀ gbèsè. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wọlé, ó sì gbé àpò Ghana-must-go kan jáde, ó ti ṣá, ọwọ́ rẹ̀ kan ti já. Agége ló ti ń ránṣọ nígbà tí ìjọba Shagari kéde ní 17 oṣù kìíní 1983 pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé kúrò ní Nàìjíríà. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún wọn. Àwọn tó lọ lé ní mílíọ̀nù kan, ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Kò rí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ gbé, ó fi í sọ́dọ̀ aládùúgbò kan tó ní òun máa fi ránṣẹ́. Ó wò mí, ó ní, “Èmi náà, wọ́n jẹ mí.”

Mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn níbẹ̀. Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní orúkọ ẹni tí mi ò mọ̀, ní Agége tí mi ò gbé rí. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà ní Fante. Ìjàkadì lorò wa ní Ọ̀fà, mo sì ti lọ sí àgọ́ àdúrà tí a fi gbogbo òru pariwo, ṣùgbọ́n mi ò tíì bá ara mi jìjàkadì rí bí ti alẹ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, a pe ìyá mi àgbà lórí WhatsApp. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Nígbà tí Màmá fi Fante kí i, ó fi Twi dáhùn, wọ́n sì sọ̀rọ̀ títí bátìrì mi fi kú. Mi ò gbọ́ èdè náà, ẹkún nìkan ni mo gbọ́.

Ojú yẹn ni mo fi wo ilé odi Cape Coast. Yàrá tí wọ́n ń kó àwọn ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ tà lẹ́rú sí wà nísàlẹ̀, òkùnkùn biribiri, ihò kéékèèké nìkan ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Orí rẹ̀ gan-an ni ilé ìsìn wà. Ọmọ Fante kan, Philip Quaque, ẹni dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n fi joyè àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, ní 1765, ló sìn nínú odi yẹn láti 1766 títí ó fi kú ní 1816. Sàréè rẹ̀ wà nínú àgbàlá. Àádọ́ta ọdún ìsìn, àwọn tí wọ́n fẹ́ tà sì wà nísàlẹ̀ fún èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mi ò lè dá a lẹ́jọ́. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni bóyá ìjọ kan wà ní Èkó tó ń kọrin lọ́jọ́ Ìsinmi oṣù kìíní 1983, tí àwọn ará Gánà sì ń fi àpò lérí kọjá lójú fèrèsé wọn.

Ìsìn ọjọ́ Ìsinmi wọn wú mi lórí. Cape Coast yìí ni Thomas Birch Freeman, ajíhìnrere Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí ní 1838, láti ibẹ̀ ló ti wá sí Àgbádárìgì ní 1842, nítorí náà ọmọ ìyá ni àwa àti wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun tí a ò ní: ebibindwom. Bí oníwàásù bá ń sọ̀rọ̀ lọ, ìyá àgbà kan á dìde, á dá orin Fante sílẹ̀ lórí ohun tí wọ́n ń wàásù, gbogbo ìjọ á gbè é, oníwàásù á sì dúró dè wọ́n. Àwọn ìyá tí kò mọ̀wé kà ló ń bá a ṣe ìwàásù. Mo ronú kan ìyá mi àgbà tó ń sùn lórí bẹ́ǹṣì wa láti bí ogójì ọdún.

Ohun tó yẹ kí wọ́n tún ṣe: ìṣọ́ òru méjì tí wọ́n kó sínú ètò ti pọ̀ jù, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ṣe gbogbo rẹ̀ láìsí ògbufọ̀, àwọn ìyá tó gbà wá sílé kàn ń wò wá ni. Kí wọ́n fi alẹ́ yẹn sílẹ̀ fún wa nílé àwọn tó gbà wá. Kí wọ́n sì wá ọkọ̀ mìíràn.

Nínú máàkì mẹ́wàá, mo fún ètò ìrìn ní mẹ́rin. Ti ilé tí mo sùn, mi ò mọ máàkì tí mo lè fún un.

Ìparí ìpàṣípààrọ̀ náà ń bọ̀ nígbà Àjíǹde. Àwọn ọ̀dọ́ Cape Coast ń bọ̀ wá sùn nílé wa ní Ọ̀fà, Màmá sì ní òun máa bá wọn wá. Ìyá mi àgbà ti ní kí wọ́n kun yàrá iwájú lọ́dà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, ó rán mi lọ sí ọjà Owódé kí n lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta máṣíìnì ìránṣọ.