Wiktionary àti ọ̀rọ̀ "pater": bí a ṣe ń lò ó kó má ṣini lọ́nà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí "pater", bàbá lédè Látìnì, bímọ sí, Wiktionary, ìwé atúmọ̀ èdè orí ayélujára, ni kó kọ́kọ́ ṣí. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìpolówó ọjà níbẹ̀, láti 2002 ló sì ti wà. Àmọ́ ẹni tó bá ń kánjú kà á yóò ṣì í kà.

Wàhálà àkọ́kọ́ ni lẹ́tà ńlá. Fóònù a máa sọ lẹ́tà àkọ́kọ́ di ńlá fúnra rẹ̀, "Pater" ti àwọn ará Jámánì ló sì máa gbé yín lọ: àlùfáà Ìjọ Àgùdà ni ìyẹn. Ẹ fi p kékeré tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá abala Latin. Ẹ wo Declension (bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà) kí ẹ tó dé Descendants (àwọn ọ̀rọ̀ tó bí sí èdè mìíràn), torí "patrem", bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rí nípò àbọ̀, ló bí àwọn ọmọ náà. Ítálì àti Sípéènì sọ t di d: padre. Faransé àtijọ́ ní pedre. Nígbà tó yá wọ́n gbé d náà mì, ó di père.

Descendants yìí ló dáa jù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọfà (→) wà níwájú rẹ̀, wọ́n yá a ni; èyí tí kò ní ọfà, àtẹnudẹ́nu ni wọ́n fi jogún rẹ̀. Ìràwọ̀ (*) ń sọ pé kò sí àkọsílẹ̀ rẹ̀, àwọn onímọ̀ ló tún un tò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni "father". Kì í ṣe ọmọ pater rárá, ọmọ ìyá ni wọ́n, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ Etymology (abala orísun ọ̀rọ̀) ni ẹ ti máa rí i. Ibi tí Látìnì bá ti ní p, f ni Gẹ̀ẹ́sì ń ní: piscis àti fish, pes àti foot. Babbo, bàbá lẹ́nu àwọn ará Ítálì, náà kò bá "bàbá" wa tan, bó ti wù kí wọ́n jọra tó.

Àléébù rẹ̀ ni pé ojú ewé kan kò gba gbogbo ẹbí. Padrino, tí olórìṣà Kúbà ń pe ẹni tó tẹ̀ ẹ́, abẹ́ patrinus, ọ̀rọ̀ Látìnì mìíràn, ló wà. Ẹ lọ wá ìyẹn lọ́tọ̀. Ní ti pai, tó wà nínú pai de santo, orúkọ tí Bràsíìlì ń pe bàbálórìṣà: padre ni tẹ́lẹ̀, ẹnu ọmọdé ló gé e kúrú.