Dírìlì 20V oníbátìrì: ọ̀rọ̀ bátìrì rẹ̀ ló jù

Èmi kì í ṣe kápẹ́ńtà. Ọ̀pá kọ́tìnnì, pákó ìkówèésí, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó bá yẹ̀, irú iṣẹ́ tí mo ń fi dírìlì ṣe nílé wa ní Ìbàdàn nìyẹn. Ó lè tó oṣù méjì kí n tó tún fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyí tí mo fi wo bátìrì kí n tó wo dírìlì gan-an.

Bátìrì 2.0Ah méjì (Ah ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà) àti ṣájà kan ló bá a wá. Ẹ má jẹ́ kí 20V tí wọ́n kọ sí i tàn yín: ọmọ bátìrì lithium márùn-ún ló wà nínú ẹ̀, 3.6V ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 18V. Ìgbà tó bá kún dẹ́nu ló ń tó 21V. Èyí tí ilé-iṣẹ́ kan ń pè ní 18V àti èyí tí òmíràn ń pè ní 20V, agbára kan náà ni, àmọ́ wọn kì í sábà wọ ara wọn. Ẹ dé Ògùnpa kẹ́ ẹ rí èyí tí wọ́n kọ 88V sí lára, tí kò sì wúwo ju tèmi lọ! Ẹ béèrè Ah rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́jà. Bí kò bá rí i sọ, ẹ máa lọ ní tiyín.

Ọlọ́jà tèmi fẹ́ kí n gba 4.0Ah. Òótọ́ ni pé 72Wh tirẹ̀ ju 36Wh tèmi lọ (Wh ni gbogbo agbára tó wà nínú bátìrì: 18V lọ́nà iye Ah rẹ̀), ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó sì ń wọni lọ́rùn ọwọ́ téèyàn bá gùn àkàbà. Kékeré méjì tẹ́ mi lọ́rùn: ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń gba iná. Ẹni tó máa fi ayùn gé pákó ni kó ra ńlá, torí kékeré á tètè gbóná.

Bátìrì NiCd (nickel-cadmium) ayé àtijọ́ máa ń gbẹ fúnra ẹ̀ lórí pẹpẹ. Ti lithium yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò fẹ́ kéèyàn gbé e pamọ́ ní kíkún tàbí ní òfìfo. Nínú iná kéékèèké mẹ́rin tó ń fi hàn bó ṣe kún tó, méjì ni mo máa ń fi í sílẹ̀ sí, nínú yàrá tó tutù, kì í ṣe nínú búùtù ọkọ̀. Bó bá gbẹ kọjá ààlà, ṣájà ò ní gbà á mọ́. Bí iṣẹ́ bá wà ní Sátidé, alẹ́ Furaidé ni mo ń fi í sí ṣájà, bí iná bá wà. Bó bá sì gbóná lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ jẹ́ kó tutù ná.

Ṣájà ẹ̀ lọ́ra. Ògiri búlọ́ọ̀kù rọ dírìlì náà lọ́rùn, kọnkéré ò rọ̀ ọ́. Síbẹ̀, ayùn kékeré ló kàn tí mo fẹ́ rà lára irinṣẹ́ ilé-iṣẹ́ yìí, láìsí bátìrì. Èyí tó wà nílẹ̀ á wọ̀ ọ́.