Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń wọn kíkan ilẹ̀ yín tó tún ń ta láìmù fún yín

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tó wà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ìgbà òjò ọdún yìí ra láìmù, ìyẹn ìyẹ̀fun òkúta ẹfun tí a ń pò mọ́ ilẹ̀ láti dín kíkan rẹ̀ kù, tàbí ohunkóhun mìíràn tí wọ́n bá ní ó ń wo ilẹ̀ kíkan sàn.

Ọkùnrin náà gun ọ̀kadà wá bá mi lóko nígbà tí a ń múra àtigbin àgbàdo. Ó mú irin ẹlẹ́nu méjì kan dání, irú èyí tí kì í lo bátìrì. Ó fi gún ilẹ̀, ó ní pH ilẹ̀ mi, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi bí ilẹ̀ ṣe kan tó hàn (bó bá ṣe ń kéré sí i ni ilẹ̀ ń kan sí i), jẹ́ 4.2. Ìyàwó mi ní kó tún fi gún ẹ̀yìn ààrò, níbi tí a ti ń da eérú nù láti ọdún mẹ́fà. 4.2 náà ni. Ó ní gbogbo agbègbè wa ló ti kan. A ò mọ̀ nígbà náà pé eérú igi máa ń dín kíkan ilẹ̀ kù, pé ibi tí eérú ti pọ̀ tó yẹn kò lè kan tó bẹ́ẹ̀. Irọ́ yẹn hàn lójú wa kedere, a ò dá a mọ̀ ni.

Ó gba ₦5,000 fún àyẹ̀wò, ó sì ta àpò láìmù mẹ́jọ fún mi, kílò 25 ní ₦14,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. ₦117,000 ló lọ. Ó ní òkúta ẹfun Ewékorò ni wọ́n lọ̀, mo sì gbà á gbọ́, torí òkúta ẹfun wà ní Ewékorò lóòótọ́, òun ni wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì níbẹ̀. Ó ní kí n da àpò mẹ́rin sí éékà kan, kí n gbin àgbàdo lọ́jọ́ karùn-ún.

Nígbà tí àgbàdo pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ewé rẹ̀ ti ń ní àwọ̀ elése àlùkò. Mo fa kan tu: gbòǹgbò rẹ̀ kúrú, ó sì ki. Mo bu erùpẹ̀ ibi tí mo da nǹkan náà sí, mo bu ti ibi tí n kò dà á sí, mo kó méjèèjì lọ sí yàrá àyẹ̀wò ní Ìbàdàn. 4.9 ni èkínní, 4.9 ni èkejì.

Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Àìsàn wà nílẹ̀ mi lóòótọ́, oògùn ni kò sí nínú àpò. Òjò tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa ti fọ kálísíọ́ọ̀mù lọ, ajílẹ̀ yùríà tí mo ń dà lọ́dọọdún sì dá kún un. Bí pH bá ti lọ sílẹ̀ ju bí 5.5 lọ, alumíníọ́ọ̀mù inú ilẹ̀ á máa yọ́, á sì máa pa gbòǹgbò. Pákí lè fara dà á. Àgbàdo, sóyà àti tòmátì kò lè fara dà á bíi tirẹ̀.

Ilẹ̀ tó wà ní 4.9 kan ní ìlọ́po mẹ́wàá ju èyí tó wà ní 5.9 lọ. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ tó kan gidi fi sábà máa ń gba tọ́ọ̀nù láìmù kan sí méjì fún hẹ́kítà, ìyẹn bí àpò 50 kílò mẹ́jọ sí mẹ́rìndínlógún fún éékà. Kílò 100 péré ni ọkùnrin náà ní kí n dà sí éékà kan! A tún gbọ́dọ̀ pò ó mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú ìgbà gbíngbìn, kì í ṣe ọjọ́ márùn-ún.

Ẹni tó gba erùpẹ̀ lọ́wọ́ mi ní yàrá àyẹ̀wò ló kọ́ mi ní ọgbọ́n fínígà tí a fi ń dá láìmù mọ̀: òkúta ẹfun gidi máa ń hó bí fínígà bá kàn án, bíi ti ìkarahun ìgbín. Mo gún ìkarahun ìgbín, mo da fínígà sí i, ó hó ṣùù. Mo da á sí ìyẹ̀fun ọkùnrin yẹn, kò mira. Láìmù tó ní magnẹ́síọ́ọ̀mù máa ń hó díẹ̀díẹ̀, ẹ fún un láyè. Láìmù tí wọ́n sun kì í hó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jó ọwọ́, ẹ má fi ọwọ́ lásán kó o.

Àyẹ̀wò gidi wà ní IITA àti IAR&T, àwọn iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ó wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹ bu erùpẹ̀ níbi bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún káàkiri oko, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ yẹra fún ibi eérú, ẹ pò ó pọ̀ nínú abọ́ tó mọ́, ẹ sá a síbi òjìji. Ẹni tí kò ní ta nǹkan kan fún yín ni kó sọ nọ́ńbà pH ilẹ̀ yín fún yín.

Nọ́ńbà fóònù ọkùnrin náà kò lọ mọ́. Àpò mẹ́rin tó kù ṣì wà nínú ahéré oko mi. Ẹni tó bá fẹ́ mú fínígà wá, kó wá wò ó.