Confocal Tó Ń Tú Àwọ̀ àbí Ti LED: Èwo Ni Kí Ẹ Rà fún Sẹ́ẹ̀lì Alààyè?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní UI, ní UCH tàbí ní IITA, kí ẹ tó gba ìwé iye owó máíkírósíkóòpù lọ́wọ́ oníṣòwò kankan, ẹ ka iye àwọ̀ tí ẹ fẹ́ wò nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, kí ẹ sì wo bí wọ́n ṣe súnmọ́ra tó.

Ẹ jẹ́ ká mú GFP àti mCherry, ìyẹn purotéènì tó ń tàn tí a fi ń sàmì sí sẹ́ẹ̀lì: GFP ń tàn bí àwọ̀ ewé, mCherry ń tàn pupa. Ibi tí GFP ti ń tàn jù ni 509 nanomítà (òdiwọ̀n ìgbì ìmọ́lẹ̀), ti mCherry 610. Àárín wọn jìn. Máíkírósíkóòpù LED, tó ń fi iná LED tan ìmọ́lẹ̀ sí sẹ́ẹ̀lì, tó sì ní fíltà (gíláàsì tí kì í jẹ́ kí gbogbo àwọ̀ kọjá), á yà wọ́n wẹ́rẹ́. GFP àti YFP, tó ń tàn yẹ́lò, ńkọ́? 509 àti 527! Ìmọ́lẹ̀ ọ̀kan ti wọnú èkejì, fíltà ò rí wọn yà dáadáa. Níbí ni confocal, máíkírósíkóòpù tó ń fi lésà wo sẹ́ẹ̀lì díẹ̀díẹ̀, ti yẹ fún owó gọbọi tí wọ́n ń dá lé e. LSM 880, confocal kan tí iléeṣẹ́ Zeiss ṣe, lè pín ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà 32 lẹ́ẹ̀kan náà, kọ̀ǹpútà á wá fi ìṣirò ṣa ti GFP sọ́tọ̀, ti YFP sọ́tọ̀. Ẹni tó ń wo ewé ẹ̀gẹ́ náà á mọ rírì rẹ̀, torí ewé fúnra rẹ̀ ń tàn pupa nítòsí 680.

Àmọ́ lésà ò mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì lẹ́mìí. Bó bá pọ̀ jù, etí sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọlé, á yọ roro wuuru bí òróró tó ń hó, àwọ̀ á sì ṣá bí àdìrẹ tí oòrùn ti pa. Ẹni tó fẹ́ tọ́pa sẹ́ẹ̀lì fún wákàtí mẹ́fà, ti LED tàbí spinning disk (confocal tó ń fi àwo oníhò tó ń yí wo ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) ni kó rà. Spinning disk yára, ó sì rọ sẹ́ẹ̀lì lọ́rùn, ṣùgbọ́n fíltà ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, wọn ò sì ní rí GFP àti YFP yà dáadáa.

Ọ̀rọ̀ iná wá. Ẹ má ra èyí tó ń lo lámpù mẹ́kúrì, bó ti wù kó dínwó tó. Mo wà nídìí ọ̀kan rí tí wọ́n mú iná, tí wọ́n sì dá a padà láàárín ìṣẹ́jú kan. Lámpù náà ò ṣeé tàn àfi ìgbà tó tutù tán, sẹ́ẹ̀lì tí mò ń ṣọ́ sì ti pín láìṣojú mi. LED ń lo ju wákàtí 10,000 lọ, kíá ló sì ń tàn. Ẹ fi owó UPS àti ínfátà kún un, pàápàá fún àpótí tó ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì ní 37°C pẹ̀lú CO₂ ìdá 5 nínú 100. Bí àpótí yìí bá kú, òkú lẹ ó máa yàwòrán.

Lọ́jọ́ ìdánwò, sẹ́ẹ̀lì tiyín ni kí ẹ gbé lọ: ọ̀kan tó ní GFP nìkan, ọ̀kan tó ní YFP nìkan, ọ̀kan tó ní méjèèjì. Láìsí méjì àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà ò ní ohun tó máa fi dá àwọ̀ mọ̀. Kí ẹ sì béèrè ibi tí ẹni tí yóò máa tún un ṣe ń gbé: Èkó ni, àbí òkè òkun?