Rìímù onírin íǹṣì 16 tí mo fi rọ́pò 20 lórí Hilux oko mi

Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí tá a fi kó pákí tó kẹ́yìn wọlé ni mo ti ń lo rìímù onírin yìí, mo wá lè sọ̀rọ̀ ẹ̀ báyìí torí ojú mi ló ṣe. Hilux 2012 ni mọ́tò mi, 4x4, apá Òkè-Ògùn loko wà, láti ojú títì ọlọ́dà dé oko tó kìlómítà 11, òkúta ni, kòtò ni, ẹrẹ̀ ni, odò kékeré kan sì tún dábùú ọ̀nà tó máa ń kún bí òjò bá rọ̀ gan-an.

Rìímù álọ́ì (èyí tí wọ́n fi alumíníọ́mù ṣe) 17 ló bá a wá. Nígbà tí méjì là nínú ẹ̀, ẹni tó ń ta rìímù gbà mí nímọ̀ràn pé kí n gbé 20 sí i. Ó rẹwà, mi ò ní parọ́, àmọ́ táyà tó wọ̀ ọ́ ni 265/50R20, rọ́bà tó wà láàárín rìímù àti ilẹ̀ ò ju mìlímítà 132 lọ, gbogbo òkúta tí mo bá ti gùn, rìímù ló ń jìyà ẹ̀. Lọ́jọ́ kan tá a di pákí kún ẹ̀yìn, rìímù iwájú lápá ọ̀tún là nínú kòtò, afẹ́fẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ọ̀nà la sùn, ìgbà tá a fi máa dé ilé ẹ̀rọ gàrí ní ọjọ́ kejì pákí ti ń dúdú nínú. Ó dùn mí gan-an.

Ohun tó jẹ́ kí n mú 16 nìyí. Táyà 265/70R16 àti 265/65R17 tó bá mọ́tò wá, gíga wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà, mìlímítà 777 sí 776, torí náà máìlì tó ń ka eré ò ní parọ́, ṣùgbọ́n rọ́bà ẹ̀gbẹ́ ti 16 tó mìlímítà 185. Rọ́bà yẹn ló ń gba ìyà dípò rìímù.

Gate n'Ìbàdàn ni mo ti rà á, tòkunbọ̀, ojúlówó Toyota, márùn-ún pẹ̀lú sípéà, owó ẹ̀ ò sì tó ìdajì owó álọ́ì tuntun. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé oníhò mẹ́fà kan ò yàtọ̀ sí òmíì o! Hilux, Ford Ranger, Mitsubishi L200, ihò bọ́ọ̀tù mẹ́fà lórí òbìrípo tó fẹ̀ tó mìlímítà 139.7 ni gbogbo wọn, àmọ́ ihò àárín ò bára mu: ti Hilux 106.1, ti Ranger 93.1, ti L200 67.1. Wọ́n máa ní àwọn á bá yín gé e fẹ̀, ẹ má gbà, torí wọ́n máa gé e dé ẹ̀bá ihò bọ́ọ̀tù ni. Nissan Navara tiẹ̀ dá dúró, 114.3 ni tiẹ̀. Ẹ tún wo ẹ̀yìn rìímù níbi tí wọ́n kọ ET sí (iye mìlímítà tí ojú ibi tá a ti ń dè é fi jìnnà sí àárín rìímù), tèmi jẹ́ ET30, ẹnì kan gbé ET-10 wá fún mi, ìyẹn máa ti táyà síta ní mìlímítà 40, àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ ó ń tètè pa bẹ́árìn. Ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní sùúrù, a gbé rìímù kọ̀ọ̀kan sórí ẹ̀rọ fọ́kanáísà kí n tó sanwó, ọ̀kan ń jó, ó pààrọ̀ ẹ̀ láìjà.

Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò mí ni nọ́ọ̀tì. Nọ́ọ̀tì tó bá álọ́ì Toyota wá, wọ́ṣà pẹlẹbẹ ló wà lábẹ́ ẹ̀, ti onírin gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹnu ẹ̀ ṣe ṣóńṣó kó lè jókòó sínú ihò. Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá fi pẹlẹbẹ dè é, á dà bíi pé ó le, kò le, ojú ọ̀nà ló máa tú sí. Mo ra nọ́ọ̀tì 24, ìwọ̀n 12 x 1.5, lẹ́yìn kìlómítà 100 mo tún gbogbo ẹ̀ dè.

Táyà tuntun ni mo fi sí i. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT, ìyẹn àmì tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, bó bá jẹ́ 2315, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2015 ni wọ́n ṣe é, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. 112 tó wà lára tèmi túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé kílò 1,120.

Àléébù ẹ̀ ni pé ó wúwo, ó sì ń dógùn-ún níbi tí òkúta bá ti ha á, mo ti kùn ún lẹ́ẹ̀kan. Kò sì rẹwà tó 20.

Lóṣù tó kọjá ẹnu ọ̀kan tẹ̀ wọnú níbi òkúta odò yẹn, pákí kún ẹ̀yìn mọ́tò. Fọ́kanáísà abúlé fi òòlù nà án padà, ó fún un ní afẹ́fẹ́, a dé ilé ẹ̀rọ gàrí kí oòrùn tó wọ̀.